Ìwé Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Kọ̀ Láti Tẹ̀

Tí ẹ bá bi ìyá mi léèrè lọ́dún yẹn pé kí ló ń mú kọ̀ǹpútà ilé wa gan bí ẹja yíyan, púpurú ni yóò fi dá yín lóhùn. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lòun fà á. Orí àjà tó wà lókè ààrò ló máa ń to púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a mọ róbótó bí bọ́ọ̀lù, sí nílé ìdáná wa ní Odigbo, kí èéfín lè gbẹ ẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kí inú rẹ̀ sì funfun láúláú. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, krẹ́, krẹ́, krẹ́, títí gbogbo wa yóò fi jí. Ẹ̀rún rẹ̀ a máa fò wọ yàrá iwájú, a sì máa bà lé ohun gbogbo, títí kan ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò gbà pé púpurú lè ba nǹkan kan jẹ́. Ooru ni tirẹ̀. "Ẹ kó nǹkan sínú àpótí irin, ẹ ò fún un láfẹ́fẹ́, ẹ wá ní kó má kùú." Bàbá mi, tó jẹ́ pé oko kòkó ní Ajue ló ń gbé, tí a kì í rí àfi ọjọ́ Sátidé, ní epo bẹntiróòlù tí wọ́n fi omi lú ni. Èmi ní tèmi mọ̀ pé èmi ni. Mo ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà rí, ó sì ta mí ní ìka, táì! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tí mo bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo bẹ̀rù ìjì, mo bẹ̀rù àkùkọ Màmá Àgbà, mo bẹ̀rù ọkọ̀ agbégẹdú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù sọ́jà ju gbogbo wọn lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni sọ́jà ló ń ṣe ìjọba.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Mosún, ló ni kọ̀ǹpútà náà. Ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé níléeṣẹ́ ìlagi kan ní Ore, níbi tí ohùn ayùn kì í ti í dákẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá délé yóò ṣì máa pariwo bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá adití jà. Nígbà tí nǹkan le, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn tó ni ín pín ohun tó kù fún àwọn òṣìṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ tó gùn. Ẹnìkan gba àga, ẹnìkan gba táyà. Kọ̀ǹpútà bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí Mosún, pẹ̀lú pírńtà tó ń dún bí ẹni ń fa aṣọ ya, àti ìwé atọ́nà tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Orí ọkọ̀ agbégẹdú ló gbé e wálé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, wọ́n sì bi í bóyá ó ń fi bọ́ọ̀lù hàn. Nígbà tó sọ pé kò fi hàn, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìwé ìsìnkú àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tẹ̀. Ẹ̀rọ náà a máa gan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí a bá pa á tí a tún un tàn, yóò tẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ pọ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí kò tọrọ iṣẹ́ ń tọrọ kí wọ́n má gba èyí tó ní. Ìyá mi náà níṣẹ́ ìjọba o, tí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbálẹ̀, tó sì ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná ní ibi ìtọ́jú aláìsàn ti ìjọba ìbílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fi ìgbéraga sọ nípa iṣẹ́ náà: pé bí oṣù tí à ń wí yìí bá parí, òun yóò pé ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ẹni tó bá pé ọdún mẹ́wàá, owó ìfẹ̀yìntì di tirẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tó bá ku ọjọ́ kan, ẹ kú iṣẹ́, ó dàbọ̀. Nídìí oúnjẹ, nídìí ìwẹ̀ ni ìyá mi ti ń sọ ọ́. Yóò bu ọbẹ̀ márúgbó sí wa láwo, yóò ní, "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Màmá Àgbà yóò ní, "Ọma mi, ẹni tó bá ń ka ọ̀la lójú ara rẹ̀, kó máa kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Àwa a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹran ọbẹ̀ ni mo ń wò.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wá sílé wa. Ọ̀gá Fáìlì la sọ ọ́ lórúkọ láàárín ara wa, nítorí kò sí ìgbà tí fáìlì kò sí lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo rò pé ó ń bá a sùn ni. Òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní àwọn ológun ní Àkúrẹ́ fẹ́ ìwé kan, orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, àwọn ò fẹ́ rí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ mọ́. Ẹ wo ayé. Wọn ò lówó tí wọ́n fi máa san owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ìwé ìlé-ni-kúrò dára lójú. Ó gbọ́dọ̀ dé Àkúrẹ́ kí oṣù tó parí. Bó bá kọjá oṣù, ó di ti ọdún tí ń bọ̀. Ó kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá ṣe é dáadáa, òun yóò gbà á síṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó tilẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kan wá fún jẹnẹrétọ̀, nígbà tí àwọn onímọ́tò ní Ore ń sùn lórí ìlà epo. Kó tó di ọ̀sán, aládùúgbò mẹ́rin ti mú ìgò wá tọrọ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orúkọ wọ̀nyẹn fún ọjọ́ méjì. Nǹkan kan kò ṣe kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó ní kó bọ́ sórí bébà ni wàhálà dé. Pírńtà yóò ní kẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò dún gbọ̀ọ̀n bí ẹni fi ṣíbí lu àwo, ojú rẹ̀ yóò sì gan síbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò gbọ́. Ẹ mi máòsì, kò mì. Àfi kí a pa á, kí a tún un tàn, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Ó fi gèlè di orí, ó ní bí wọ́n ṣe ń wá àìsàn ẹ̀rọ nìyí: ẹ yọ ohun kan kúrò, ẹ wò ó, tí kò bá sàn, ẹ dá a padà, ẹ yọ òmíràn. Ilé wa ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ púpurú ìyá mi kúrò lórí àjà, wọ́n gbé e lọ sílé ìdáná aládùúgbò, tí ewúrẹ́ jẹ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ̀rọ gan. Wọ́n ṣí fèrèsé tí Màmá Àgbà ń tì nítorí ẹ̀fọn. Ẹ̀rọ gan, ibà dé sí Màmá Àgbà lára. Wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ epo. Ẹ̀rọ gan. Wọ́n ní kí n má gba yàrá iwájú kọjá mọ́. Ó dùn mí bí ẹni tó jẹgba, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tún gan, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi. Ìtìjú díẹ̀ bá mi. Ó ti ń wù mí láti jẹ́ pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù ló rí i. Èmi nìkan ló wà nítòsí, nítorí ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá Àgbà ń gbọ̀n lórí ẹní. Ó fi sikudiráfà ṣí ìdí àpótí náà, ó tẹ́ àwọn káàdì inú rẹ̀ sórí aṣọ bí ẹni ń pàtẹ ẹja, ó ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ṣí ibì kan lójú kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀, ó sì na ìka sí i.

"Tádé, wá ka èyí fún mi. Nọ́ńbà wo ló wà níwájú pírńtà?"

Ibi ògiri ni mo ti kà á. "Méje, Àǹtí."

"Káàdì tó ń kọrin ń kọ́?"

"Méje."

Ó pàtẹ́wọ́. Ó rántí nǹkan kan tí mo mọ̀ dáadáa, ó sì fi ṣàlàyé fún mi. Lóko wa ní Ajue, kòkó àti ọ̀pẹ ló bo ojú ọ̀nà, ẹnìkan kì í rí ẹnìkejì, igbe la fi ń pe ara wa. Àgọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní igbe tirẹ̀. Tiwa ni hòó gígùn kan, kúkúrú méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kan, àlejò kan gba oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò béèrè, ó mú igbe tiwa lò. Bàbá mi á ju àdá sílẹ̀, á sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi á ní òun ò pè é. Ó ń sáré káàkiri bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí a pè é tí ìyàwó àlejò náà sì pe ọkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi dúró sáàárín igbó. Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì, a bá a níbẹ̀ tó di orí mú. "Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ronú nínú kọ̀ǹpútà yìí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbogbo àwọn tó kù ló ń pè é. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní igbe tirẹ̀. Àwọn méjì yìí ń lo igbe kan. Ọmọ ọ̀gá wa ló ki káàdì orin yìí bọ̀ ọ́, kó lè máa fi gbọ́ orin." Ó yọ káàdì náà. Ó tan ẹ̀rọ. Pírńtà ní kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ odidi ojú ìwé kan láìdúró. Mo fò sókè. Mo fẹ́ sáré lọ pe ìyá mi.

Ó fà mí láṣọ. Ó wo ìwé tó jáde náà fún ìgbà pípẹ́, ó fà á ya, ó sì fi dáná sábẹ́ omi ẹ̀kọ Màmá Àgbà. Lẹ́yìn náà, lójú mi báyìí, ó mú káàdì orin, ó tì í padà síbi tó ti yọ ọ́, ó fi sikudiráfà dè é.

"Àǹtí, ó tún máa gan nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó gan ni?"

"Tádé, o ò rí nǹkan kan lónìí. Ṣé o gbọ́? Títí di ọjọ́ Àìkú, tí oṣù máa parí. Kódà fún Ìyá, o ò rí nǹkan kan."

Mo búra. Ó rọrùn láti búra nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mú kòbókò dání. Ohun tí mi ò mọ̀, tó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti fura sí, ni pé orúkọ ìyá mi wà lójú ewé kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò lè fò ó, nítorí Ọ̀gá Fáìlì máa ń fi rúlà tọ orúkọ lẹ́sẹẹsẹ mọ́ èyí tó fọwọ́ kọ. Kò lè sọ fún ìyá mi, nítorí ìyá mi yóò lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lọ́fíìsì wọn, wọ́n á sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kí ẹ̀rọ máa gan títí oṣù yóò fi kú, kí ọdún mẹ́wàá pé. Ó ti wá àìsàn ẹ̀rọ náà rí, ó sì ní kó máa ṣàìsàn lọ. Mo ti pàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó pọ̀ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó tún nǹkan ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá Fáìlì padà dé, kò sì dá wá. Sọ́jà kan tẹ̀ lé e, ó ga tó fi jẹ́ pé ó tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ẹnu ọ̀nà náà nìkan sì ni ohun tó tẹrí ba fún. Kòbókò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi gbá bàtà ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, pàá, pàá. Èmi ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń ju ẹ̀wà nù, mo ń kó òkúta sínú abọ́.

"Mosún, Àkúrẹ́ ò gbọ́ àwáwí," ni Ọ̀gá Fáìlì wí. "Wọ́n ní ọ̀la."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀."

"Ṣe é kí n rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ọ̀n. Ojú kọ̀ǹpútà gan. Ọ̀gá Fáìlì mí kanlẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń ṣàìsàn. Sọ́jà náà tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọ̀gá, dis one na sábọ̀tééjì o," ló wí. "Mek a carry am go gáàdùrúmù. E go tell us wetin do am." Àtìmọ́lé àwọn ológun ni gáàdùrúmù.

"Sábọ̀tééjì kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ni mo fẹ́ rí nínú kí n mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ jẹ́? Èmi tí ẹ ti ṣèlérí iṣẹ́ fún? Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, mo máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe láti Ondó." Ọ̀gá Fáìlì tilẹ̀ ti ń mi orí sókè sísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbà. Mo gbà títí dòní pé ó fẹ́ gbà. Sọ́jà náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló wò. Ó na kòbókò sí mi, kò lù mí, ó kàn fi ẹnu kòbókò náà gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Small man, wetin do dis machine?"

Tí àwọn ọmọ bá bi mí, mo máa ń sọ fún wọn pé torí kí wọ́n má baà mú ẹ̀gbọ́n mi lọ ni mo fi sọ̀rọ̀. Ó dùn-ún gbọ́. Irọ́ ni. Ìtọ̀ ti bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀. "Káàdì apá òsì ni!" ni mo kígbe. "Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó máa tẹ̀! Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó sì tẹ̀!" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, sọ́jà náà kò sì gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé tí Ọ̀gá Fáìlì bá jẹ́ ará Kánò, ìyá mi ì bá pé ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Láti ọjọ́ Ajé?"

"Ọmọdé ni, ọ̀gá. Ó ń lálàá lójú oorun."

"Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Kò yára, kò sì pẹ́. Pírńtà bẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, ojú ewé kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, bébà oníhò létí náà ń yọ jáde, ó ń ká lé ara rẹ̀ lórí nílẹ̀. Ọ̀gá Fáìlì mú rúlà, ó kúnlẹ̀ lé orúnkún kan, ó ń tọ orúkọ lẹ́sẹẹsẹ. Ó parí, ó ní iṣẹ́ náà dára. Kò bínú. Ó ní àwọn tó mọ irú ẹ̀rọ yìí ṣọ̀wọ́n, kí ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Sọ́jà náà fi ọwọ́ pa mí lórí, ó yọ bisikíìtì kan nínú àpò rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ lá bébà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá bá mi, ó jókòó sórí òkúta, kò lù mí. Mo ń retí kó lù mí.

"Ojú ewé kẹta," ló wí. "Ìyá wà níbẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé ohun tí mi ò bá mọ̀, mi ò ní lè sọ ọ́. Kò tún sọ̀rọ̀ náà fún mi mọ́ fún ọdún tó ju ogún lọ. Lọ́dún kejì ni mo kúrò nílé ìwé, mo lọ kọ́ṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ní ìkóríta Ore. Ilé kan tó jẹ́ pé owó ìyá ló ń ran ọmọ níwèé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Lẹ́tà náà dé ọwọ́ ìyá mi lọ́jọ́ kan tó ń ṣa ewé ọbẹ̀ lójúde. Kò mọ̀wé. Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ́fíìsì dé, bàtà ọ́fíìsì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kà á fún un ní Yorùbá láìwo inú rẹ̀ dáadáa: wọ́n ti dá a dúró láti ọjọ́ tí ìwé orúkọ dé Àkúrẹ́, kí oṣù tó parí. Màmá Àgbà ní, "Ó ku ọjọ́ mélòó?" Ìyá mi gba lẹ́tà náà padà, ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, ó ń wo àwọn ìlà dúdú tí kò lè kà.

"Ó mọ́ o," ló wí. "Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kọ̀ǹpútà yẹn náà ni?"

"Òun ni."

"Kì í gan mọ́?"

"Kì í gan mọ́, Ìyá."

Ìyá mi ká lẹ́tà náà ní mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ìró. "A dúpẹ́," ló wí, "mo ti rò pé púpurú mi ló bà á jẹ́."